Ìdùbúlẹ̀ Kọ́ Ló Ń Di Oyún Mú

Ṣógúnlé,
Ọ̀sán Ọjọ́rú.

Mọ́rẹ́nikẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Má jẹ́ kí àyà rẹ já. Kò sẹ́ni tó kú, ara mi sì le. Mo mọ̀ pé tí ọmọ bá rí lẹ́tà lábẹ́ ìdérí kúlà ọbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé ìyá òun fẹ́ dágbére fáyé. Ìyá rẹ ò tíì ṣe tán láti lọ síbì kankan. Jọ̀ọ́, jẹ ẹja inú ọbẹ̀ náà kó o tó kà á, torí mo mọ̀ ọ́: tí ìwé bá ti wọ̀ ọ́ lójú, oúnjẹ di ohun ìgbàgbé.

Láti Ṣógúnlé sí yàrá rẹ ní Èjìgbò kò jìnnà tó ohun tí ènìyàn ń kọ lẹ́tà sí. Mo ti pè ọ́ lórí fóònù. O ní, “Mọ́mì, kò sí wàhálà, mo wà dáadáa,” o sì yára pa á kí n má bàa gbọ́ bí imú rẹ ṣe dí. Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ gùn, o ò sì ní jẹ́ kí n sọ ọ́ délẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí n má purọ́, apá kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnu mi ò lè gbé. Ọwọ́ mi ló máa bá mi gbé e.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, o wọlé lẹ́yìn ìsìn, o ò bọ́ bàtà, o lọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára. Mo ṣe bí ẹni pé ilá tí mò ń gé ló gbà mí lọ́kàn. Nígbà tó yá, o wá dúró tì mí ní kíṣìnì, o sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. O ní obìnrin kan wà lára àwọn tí ò ń tọ́jú ní ọsibítù, tó ti ń wá ọmọ tipẹ́. O ò dárúkọ rẹ̀ fún mi, èmi náà ò sì béèrè, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ so ẹyin rẹ̀ pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkọ rẹ̀ lóde ara, ẹ sì gbé ọlẹ̀ náà padà sínú ilé ọmọ rẹ̀. Ó bi ọ́ bóyá kí òun dùbúlẹ̀ sójú kan títí àyẹ̀wò yóò fi jáde. O sọ ohun tí ìwádìí sọ fún un, pé ìdùbúlẹ̀ ò fi nǹkan kan kún un, kó dìde, kó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dìde, ó padà. Àyẹ̀wò jáde, oyún ò dúró. Ni ìyá ọkọ rẹ̀ bá wá bá ọ ní ọsibítù yín ní Ìsọlọ̀, níwájú gbogbo àwọn tó jókòó.

“Dókítà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kó máa rìn? Ó rìn o! Ó ti rìn ín dànù. Ṣé inú yín ti wá dùn báyìí?”

O ní kì í ṣe ariwo ìyá náà ló dùn ọ́ jù. O ní ìyàwó náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó kàn ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọ̀gá rẹ pè ọ́ sínú ọ́fíìsì, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dùbúlẹ̀ jàre. Kí ló kàn yín níbẹ̀? Ìdùbúlẹ̀ ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ máa ní kí wọ́n sùn, kí gbogbo wa lè sinmi.” O wá sọ fún mi pé kí oṣù yìí tó parí, ọ̀kan nínú méjì lo máa ṣe: bóyá kó o fiṣẹ́ sílẹ̀, bóyá kó o máa sọ fún wọn kí wọ́n dùbúlẹ̀, bí ọ̀gá ṣe wí, kí àlàáfíà wà.

Mo ní kó o wá jẹun. Ohun tí mo fi oúnjẹ bò mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ nínú ìwé yìí. Mo máa tò ó sí èkíní àti èkejì bí bàbá mi ṣe máa ń to lẹ́tà rẹ̀ láti Ìkẹ́rẹ́. Tó bá dà rú lójú ọ̀nà, fara dà á, aránṣọ ni ìyá rẹ.

Èkíní. Ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe ti obìnrin yẹn nìkan, ti gbogbo àwọn tó máa jókòó níwájú rẹ ni. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́, tí mo rò pé kò sí ẹni tó mọ aṣọ rán tó mi láti Oṣòdì dé Èjìgbò, mo ra bébà ìgé aṣọ kan tí wọ́n tẹ̀ lókè òkun. Gbogbo aránṣọ ló ń yìn ín, wọn ò sì parọ́, bébà náà dára. Ọmọ kan gbé aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ wá. Mo tẹ́ bébà sórí aṣọ, mo gé e, mi ò wọn ọmọ náà rárá. Mi ò rántí pé ilé búrẹ́dì ló ń ṣiṣẹ́, ìyẹ̀fun ló ń pò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, apá rẹ̀ sì ki ju tèmi àti tìrẹ lọ. Láàárọ̀ ìgbéyàwó, ọwọ́ aṣọ náà kọ̀, kò gun apá rẹ̀. Mo tú u, mo lẹ ègé aṣọ mọ́ ọn, mo fi pín-ìn-nì dè é. Títí wọ́n fi parí ìsìn, ìyàwó ò lè gbé ọwọ́ sókè yin Olúwa. Ìyá rẹ̀ ṣì ń wò mí níwòkuwò títí di òní tí a bá pàdé.

Bébà ò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mi ò wọn ènìyàn. Ìwádìí tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́ náà, bó o ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, bí bébà ìgé ló rí lójú mi. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni wọ́n wò kí wọ́n tó gé e, ó sì dára kéèyàn ní i lọ́wọ́ ju kéèyàn máa fojú díwọ̀n lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ. Àwọn tí wọ́n wò yẹn, tí wọ́n bá ní kí wọ́n máa rìn, bóyá ojú ọ̀nà tó tẹ́jú ni wọ́n ń rìn. Tèèyàn bá ní kí obìnrin Ìsọlọ̀ máa rìn ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé orí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń já sí kòtò ló máa wà. Ó lè jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì omi ló ń gbé gun àtẹ̀gùn dé òkè pátápátá. Ó lè jẹ́ pé ìdí ẹ̀rọ ló ń dúró sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ní ilé iṣẹ́ oníke. Mi ò sọ pé ìyẹn ń ba oyún jẹ́ o, ìwọ ni dókítà. Ohun tí mò ń sọ ni pé tó o bá fẹ́ sọ fún obìnrin pé kó máa ṣe bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Tó bá dá ọ lóhùn tán, ní kó sọ ohun tó o wí fún un padà fún ọ lẹ́nu ara rẹ̀. Ibẹ̀ lo ti máa mọ ohun tó gbọ́.

Èkejì. Èyí ni ẹnu mi ò lè gbé.

Kí n tó bí ọ, mo ti lóyún kan rí. O ò mọ̀. Bàbá rẹ mọ̀, kí Ọlọ́run bá wa tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ̀gbọ́n mi Àǹtí Bọ́lá, tó o máa ń pè ní Mọ́mì Ìkẹ́rẹ́, mọ̀, òun náà sì ti lọ. Èmi nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n, títí di ìgbà tó o ka ìlà yìí.

Yàrá kan là ń gbé nígbà náà ní Ìsọlọ̀, kò jìnnà sí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tí bàbá rẹ ń bá ṣiṣẹ́. A ti retí ọmọ títí, àwọn ará ilé rẹ̀ ò tiẹ̀ béèrè mọ́, wọ́n kàn máa ń wo ikùn mi tí mo bá ń kí wọn. Dókítà kan fún mi ní oògùn tó ń mú kí ẹyin yọ lásìkò, oyún sì dé. Ayọ̀ tí mo yọ̀, mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́. Mo rántí pé mò ń kọrin sí ìrẹsì lórí iná. Nígbà tó lé ní oṣù mẹ́rin, mo rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára aṣọ mi. A sáré lọ sí ọsibítù. Dókítà wo káàdì mi, kò wo ojú mi, ó ní, “Ẹ lọ sinmi dáadáa.” Ìyẹn nìkan. Mo ní, “Ẹ ṣé, sà,” mo sì jáde. Mi ò bi í pé irú ìsinmi wo ni, mò ń bẹ̀rù kó má lọ rò pé mi ò lóye.

Àǹtí Bọ́lá gbọ́, ó sì wá láti Ìkẹ́rẹ́ pẹ̀lú gààrí àti ẹran ìgbẹ́. Ó ní ìsinmi tí dókítà ń wí, òun mọ̀ ọ́n. Ó fi bíríkì ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lápá ibi tí ẹsẹ̀ mi wà, kí ẹsẹ̀ mi lè ga ju orí lọ, kí oyún má bàa rí ọ̀nà jáde. Ó yọ bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó fi sínú báàgì ara rẹ̀, torí ó ní títẹ ẹ̀rọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ a máa mi ilé ọmọ jìgìjìgì. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń wẹ̀ mí, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ mi. Ṣé o ti jẹ ẹ̀bà rí tí orí rẹ wà nísàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ wà lókè? Má dán an wò. Òun fúnra rẹ̀, orí ẹní ló ń sùn lẹ́nu ọ̀nà, kí n má bàa lè kọjá láìjẹ́ pé mo dá a káṣà. Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn mi tó o láyé mi, yàtọ̀ sí bàbá rẹ àti ìwọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jáde lọ ra epo òyìnbó. Ojú ọ̀run ṣú. Aṣọ iṣẹ́ bàbá rẹ wà lórí okùn, aṣọ léèsì funfun oníbàárà kan náà wà níbẹ̀. Mò ń gbọ́ bí àwọn ará ilé ṣe ń sáré kó tiwọn. Mo dìde. Mo jáde láìwọ bàtà, mo kó aṣọ wọlé, mo ká wọn sórí àga, mo padà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì gbé ẹsẹ̀ mi sókè bí wọ́n ṣe fi í sí. Kò pẹ́ rárá. Inú mi tilẹ̀ dùn, torí ẹsẹ̀ mi ti ṣàárò ilẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, oyún náà bàjẹ́. Ọmọbìnrin ni.

Nígbà tí a ti ọsibítù dé, Àǹtí Bọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í tún yàrá ṣe, kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa dilẹ̀. Ó dé ìdí àga, ó rí aṣọ tí mo ká. Ó mọ̀ pé òun kọ́ lòun ká a. Kò pariwo, kò tiẹ̀ yíjú sí mi.

“Ta ló kó aṣọ wọlé?”

“Èmi ni, Àǹtí mi.”

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó káwọ́ lérí. Kò tún mẹ́nu bà á mọ́ títí ó fi kú. Kò nílò rẹ̀. Èmi ni mò ń bi ara mi láti ọjọ́ náà.

O rántí bó o ṣe máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní kékeré, pé nínú gbogbo ilé yìí, ìyá tìrẹ nìkan ni òjò ń pa aṣọ rẹ̀ lórí okùn? “Mọ́mì, òjò! Mọ́mì, aṣọ!” Màá jókòó, màá máa wò ó bí òjò ṣe ń lù wọ́n, ìwọ lo sì máa ń sáré jáde lọ kó wọn. Mo jẹ́ kó o máa rò pé ọ̀lẹ ni mí. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kó o rò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí oyún tìrẹ dé, mi ò sọ fún Àǹtí Bọ́lá títí ó fi yọ síta. Mo tẹ ẹ̀rọ títí di àárọ̀ ọjọ́ ìrọbí. Kì í ṣe pé mo láyà. Ilé iṣẹ́ bàbá rẹ ti kógbá sílé, owó ìránṣọ mi nìkan la sì fi ń jẹun. O délé ayé pẹ̀lú igbe, ara rẹ le koko. Mo sọ fún Ọlọ́run pé ẹ ṣé tẹ́ ẹ fi orí jì mí. Kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé bóyá kò sí ohun tó yẹ kí n tọrọ ìdáríjì fún.

Ó wá di ọjọ́ tó o wá sọ fún mi pé o ti ríṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn tó ń wá ọmọ. Ò ń jẹ dòdò, inú rẹ ń dùn, ẹnu rẹ ò dúró. O ní tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ní kí àwọn obìnrin dùbúlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ọlẹ̀ sí wọn nínú, ṣùgbọ́n pé àwọn olùwádìí ti ṣẹ́ gègé láti pín àwọn obìnrin sí ọ̀nà méjì, wọ́n ní kí àwọn kan dùbúlẹ̀, kí àwọn kan dìde máa lọ, wọ́n sì wò ó títí. O ní àwọn tó dùbúlẹ̀ ò rí oyún mú ju àwọn tó dìde lọ. Mo wá bi ọ́, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lásán ni, pé ti oyún tó ti dúró ńkọ́, tí ẹ̀jẹ̀ wá ń yọ, ṣé ìyẹn náà? O lá ìka rẹ, o ní, “Ìyẹn náà, Mọ́mì. Wọn ò tíì rí i pé ìdùbúlẹ̀ ń dá a dúró. Èyí tó máa lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ohun tó máa mú un lọ ti wà nílẹ̀ tipẹ́.”

Mo dìde, mo lọ fọ àwo tó ti mọ́. O rò pé ọ̀rọ̀ náà sú mi. Àbẹ̀kẹ́, ẹkún ni mò ń sun sínú omi ọṣẹ. Ẹrù tí mo fi gbogbo ọdún yẹn gbé, o ò mọ̀ pé o ti bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, o sì ń béèrè bóyá dòdò ṣì kù.

Nítorí náà, tí ọ̀gá rẹ bá ní ìdùbúlẹ̀ ò pa ẹnikẹ́ni lára, èmi wà níbí, ó pa mí lára. Wò ó dáadáa. Tó bá jẹ́ pé ìdùbúlẹ̀ ló ń di oyún mú, a jẹ́ pé ẹni tí oyún rẹ̀ bàjẹ́, òun ló dìde. Kò sì sí obìnrin tí kì í dìde. Á dìde lọ tọ̀, á dìde lọ ṣílẹ̀kùn, á dìde lọ kó aṣọ. Tó o bá ti ní kó dùbúlẹ̀ nígbà tó o mọ̀ pé kò ràn án lọ́wọ́, o ti fún un ní ẹ̀ṣẹ̀ tó máa jẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan ò bá rí bó ṣe fẹ́. Kò sì ní padà wá bú ọ. Á ní, “Ẹ ṣé, Dókítà,” á gbé e lọ sílé, ọ́fíìsì yín á sì dákẹ́ rọ́rọ́. Àlàáfíà tí ọ̀gá rẹ ń wí nìyẹn, àwọn obìnrin yẹn ló ń bá a rù ú.

Má torí ìyẹn lọ bá a jà o. Mo mọ ẹnu rẹ, ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Wọlé bá a nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, má ṣe é níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, kó o sọ fún un pé o ní ẹnì kan tó dùbúlẹ̀ rí. O lè dárúkọ mi. Mo fún ọ láṣẹ. Tí kò bá gbà, ìwọ ti sọ tìrẹ. Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ohun tí àwọn àgbà ti rí tipẹ́ nìyẹn, kò bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ.

Ẹ̀kẹta, ìyá ọkọ. Má kórìíra rẹ̀. Nígbà tó o ń sọ bó ṣe nàka sí ọ, Àǹtí Bọ́lá ni mò ń rí. Ẹ̀rù ló ń bà á, ó sì fẹ́ ṣe nǹkan, kò rí nǹkan ṣe. Níwọ̀n ìgbà tó o mọ̀ pé òun ni obìnrin náà máa lọ bá nílé, kí ló dé tó jẹ́ ìyàwó nìkan lo bá sọ̀rọ̀? Ibi tó o kù sí nìyẹn, ọmọ mi, mo sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́. Látòní lọ, tí obìnrin bá gbà bẹ́ẹ̀, pe ẹni tó ń dáná fún un wọlé kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Pè wọ́n ní Mọ́mì, fún wọn ní àga, kó o sì fún wọn níṣẹ́. Ní kí wọ́n máa rán an létí àsìkò oògùn. Ní kí wọ́n máa bá a rìn díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àgbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́ kò ní ráyè so ẹnikẹ́ni mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Kó o sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, kí àyẹ̀wò tó jáde, pé ó lè dúró, ó lè má dúró, èyí tó wù kó jẹ́, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fà á. Tó o bá sọ ọ́ ṣáájú, wọ́n á gbà á bí ọ̀rọ̀ dókítà. Tó o bá dúró dìgbà tó bá bàjẹ́ tán, àwáwí ni wọ́n á pè é.

Nǹkan kékeré kan wà tí mo fẹ́ fi kún un, mi ò mọ nọ́ńbà tó yẹ kí n fún un. Má sọ ìwádìí di òrìṣà. Nígbà ayé Àǹtí Bọ́lá, àwọn dókítà fúnra wọn ló ń ní kí èèyàn dùbúlẹ̀, ọkàn wọn sì balẹ̀ bí tìrẹ ṣe balẹ̀ yìí. Máa sọ pé, “Ibi tí a mọ̀ ọ́n dé nìyí.” Tí ẹ bá rí òmíràn lọ́la, jẹ́ kí ẹnu rẹ gbà á. Tí o bá rí obìnrin tí àìsàn rẹ̀ ń fẹ́ ìsinmi, sọ fún un, kó o sì sọ irú ìsinmi tó jẹ́ àti ìgbà tó máa parí. Ẹni tó bá sì wù láti sùn torí pé ó rẹ̀ ẹ́, kó sùn. Kó ṣáà má jẹ́ pé ẹ̀rù ló tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un.

Jẹun, Mọ́rẹ́nikẹ́. Máa bọ́ bàtà tó o bá wọlé. Mi ò ní béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ nínú lẹ́tà yìí, torí mo ti ṣèlérí fún ara mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ìyá Alákàrà tẹ́ ẹ jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì tún béèrè ọ lọ́wọ́ mi. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ní ti iṣẹ́, tó o bá fẹ́ fi í sílẹ̀, fi í sílẹ̀. Yàrá rẹ wà níbí, mi ò tíì kó aṣọ oníbàárà sínú rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n má fi í sílẹ̀ torí pé o sọ òótọ́ fún obìnrin kan. Má sì dúró síbẹ̀ láti máa sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ fún wọn. Kó o tó pinnu èyíkéyìí, ohun kan ni mò ń bẹ̀ ọ́ kó o ṣe fún mi, mo sì ń fi ọmú tó o mu bẹ̀ ọ́.

Wá obìnrin yẹn. Ránṣẹ́ pè é, kó wá bá ọ. Tó bá ní òun ò lè wá, tó sì gbà kó o wá, lọ bá a. Má mú bébà kankan dání. Ìyá ọkọ rẹ̀ lè bú ọ lẹ́nu ọ̀nà, kúnlẹ̀ kí i, kó o wọlé. Jókòó tì í. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwádìí, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ẹ pẹ̀lẹ́.” Tó bá sunkún, jẹ́ kó sun ún tán. Lẹ́yìn náà, sọ fún un pé, “Kì í ṣe ẹsẹ̀ yín.” Tó bá ní òun mọ̀, má gbà á gbọ́, tún un sọ. Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi títí irun mi fi funfun, ọmọ tí mo bí ló sì wá sọ ọ́ láìmọ̀. Má jẹ́ kí òun náà dúró títí dìgbà yẹn. Ó ṣeé ṣe kó má rí ọmọ kan tó máa wá jẹ dòdò nílé rẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan. Obìnrin tó bá gbà pé òun lòun pa ọmọ òun, kì í lẹ́nu láti sọ ọmọ náà lórúkọ. Èmi náà ò sọ ọ́. Àwọn èèyàn wa tilẹ̀ ń sọ pé èyí tí kò tíì délé ayé, a kì í sọ ọ́ lórúkọ, ìyẹn sì bá mi lára mu, torí kò sí ẹni tó máa bi mí. Láti ìgbà tó o ti bá mi sọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti ń gbé orúkọ kan yí lẹ́nu tí mo bá wà lémi nìkan. Lánàá mo pè é sókè nínú yàrá, lójú ọ̀sán gangan, mo sì tún un pè. Fọlákẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Tó o bá tún wá sílé, mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ìwọ náà.

Ọlọ́run á dúró tì ọ́ ní gbogbo yàrá tó o bá wọ̀.

Èmi ni,
Ìyá Fọlákẹ́,
tó tún jẹ́ ìyá rẹ.